Fàdákà Inú Dúrọ́ọ̀mù Ògì

Ilé iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Oregun ni mo ti ṣiṣẹ́, níbi tí a ti ń rọ ọ̀dà sínú ike. Ìgbà tí mo wà níbẹ̀ ni èròjà ọ̀dà tuntun kan dé, wọ́n ní náánò ni. Ọ̀gá wa ṣàlàyé pé fàdákà ni wọ́n lọ̀ kúnná débi pé ojú lásán ò lè rí ẹyọ kan rẹ̀. Bí a bá la fọ́nrán irun orí kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ẹyọ fàdákà náà ṣì lè kéré sí ọ̀kan nínú rẹ̀. Inú dúrọ́ọ̀mù búlúù ló máa ń wà, ó rí bí omi eérú. A ó pò ó mọ́ ọ̀dà, ògiri tí a bá fi kùn kò sì ní bu.

Mi ò ní purọ́, ó ṣiṣẹ́. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ògiri yàrá ìyá mi ní Agége á bu, á hu nǹkan dúdú bí irun, yàrá á máa rùn bí aṣọ tí a ká ní tútù, wọ́n á sì máa wúkọ́ títí di ẹ̀ẹ̀rùn. Mo fi ọ̀dà náà kùn ún. Òjò ọdún yẹn rọ̀ bí kò ṣe rọ̀ rí, ògiri ò yí padà. Ìyá mi ṣàdúrà fún gbogbo ẹni tó lọ́wọ́ sí i, inú mi sì dùn pé mo wà lára wọn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń ta ògì ní Dópẹ̀mú. Ọjọ́ Sátidé kan, mo lọ kí wọn. Wọ́n po ògì gbígbóná fún mi, mo mu ún tán, mo sì gba ẹ̀yìnkùlé lọ kí n lọ ṣan ife. Ni mo bá rí dúrọ́ọ̀mù búlúù lórí ìdúró, àmì ilé iṣẹ́ wa lára wọn. Mo ṣí ọ̀kan. Àgbàdo ló wà nínú omi. Ìlà eérú kan yí etí dúrọ́ọ̀mù náà ká nínú, ó ń yọ̀ bí ikun imú. Mo fi ìka kàn án. Ohun tí mò ń fọ̀ kúrò lọ́wọ́ lójoojúmọ́ ni. Ògì tí mo mu rú wá sí ọ̀fun mi, mo bì í sẹ́bàá ògiri.

Ẹ̀gbọ́n sáré jáde. "Ìyàwó wa, kí ló dé? Àbí oyún ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, níbo lẹ ti rí dúrọ́ọ̀mù yìí?"

"Ẹnu géètì yín kẹ̀! Àwọn ẹ̀ṣọ́ yín ló ń tà á."

"Kẹ́míkà ló wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀, mà."

"Mo ti fọ̀ ọ́. Ọṣẹ, yanrìn, omi gbígbóná. Ó tilẹ̀ dára, ògì mi kì í tètè kan mọ́."

Ìyẹn ló tún wá rí mi lára jù. Ohun tó ń pa nǹkan ara ògiri ló ń pa ohun tó ń mú ògì kan, ògì yìí kan náà ni àwọn ìyá ń fún ọmọ ọwọ́ mu. Mi ò mọ ohun tó lè ṣe nínú ara èèyàn, mi ò sì rí ẹni tó lè sọ ọ́ fún mi. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n fi ìbínú da ògì náà nù.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá ọ̀gá wa nítorí dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń tà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ó ń jẹ míìtì páì, èérún rẹ̀ wà ní irùngbọ̀n rẹ̀.

"Mà, fàdákà yìí kan náà ni wọ́n ń fi sínú báńdéèjì tí wọ́n fi ń di ojú egbò iná ní ọsibítù," ó ní. "Nǹkan tó kéré tó báyìí, kí ló fẹ́ ṣe?"

"Sà, kíkéré yẹn náà ló fi rí ara ògiri wọ̀. Ikùn ńkọ́?"

Ó nu ẹnu. "Ó dáa, a ò ní tà á mọ́."

Wọn ò tà á mọ́ lóòótọ́. Ṣe ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó kó o dànù, tí wọ́n ń da omi rẹ̀ sí gọ́tà. Gọ́tà yẹn dọ̀tí tẹ́lẹ̀: ewé omi tó ń yọ̀, tanwíjí, ọ̀pọ̀lọ́. Nígbà tó yá, gbogbo rẹ̀ pòórá. Àwọn ará àdúgbò ń dúpẹ́ pé ẹ̀fọn dín kù. Èmi kì í lè wo omi náà. Mi ò rí gọ́tà tó mọ́ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì máa ń tutọ́ bí mo bá kọjá.

Mo béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ohun tí wọ́n fi dúrọ́ọ̀mù wọn ṣe.

"Mo ti tà á fún ìyá alágbo tó wà ní kọ̀nà."

Mo lọ bá ìyá náà pé kó má fi dúrọ́ọ̀mù náà rẹ agbo mọ́, ó ní kí n lọ jókòó, ara wo ni agbo òun ò wò rí?

Lẹ́yìn náà, èmi àtàwọn obìnrin tí a jọ ń rọ ọ̀dà kọ̀, a ní a ò ní fọwọ́ kan iṣẹ́ mọ́ àfi tí wọ́n bá ń dá ihò sí dúrọ́ọ̀mù kó tó jáde, kí wọ́n sì dẹ́kun dída omi rẹ̀ sí gọ́tà. Wọ́n gba ti ihò. Wọn ò dá wa lóhùn lórí ti gọ́tà. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀.

Láìpẹ́ yìí, mo rí dúrọ́ọ̀mù wa kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé oúnjẹ kan. Wọ́n ti yọ́ ike dí àwọn ihò náà. Omi mímu kún inú rẹ̀ dé ẹnu, ife kan sì léfòó lójú rẹ̀.