Hóró Oògùn Inú Ẹ̀kọ Mímu

Bí ẹnikẹ́ni bá pòwe "àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà" níbi tí mo wà, inú mi kì í dùn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Tíṣà ni ìyá mi n'Ìwó. Ikọ́ fée ń dà wọ́n láàmú, hóró oògùn tí wọ́n sì ti ń lò sí i láti ọdún pípẹ́ ti sọ ara wọn di ahẹrẹpẹ. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá ikọ́ wọn jáde. Wọ́n dá wọn dúró sí ọsibítù. Dókítà ní ìbátan làpálàpá ni, ìbátan ohun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó pẹ́ nílẹ̀, pé ó ti wọnú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Abẹ́rẹ́ kan wà fún un, inú omi tí wọ́n ń fà sára ni wọ́n máa ń fi í sí. Ìbàdàn ni mo ti ń lọ rà á, màá gbé e sórí itan nínú fláàsìkì oníyìnyín, kí ooru mọ́tò má bàa bà á jẹ́.

Abẹ́rẹ́ náà ò láàánú. Bó bá ti wọ̀ wọ́n lára báyìí, gbígbọ̀n dé, eyín á máa lu eyín, bẹ́ẹ̀dì á máa dún.

"Ẹ má dá a dúró o, nọ́ọ̀sì," ni wọ́n máa ń wí. "Mo fẹ́ yè."

Bàbá mi ti kú, ẹ̀gbọ́n wọn sì ni olórí ilé. Bí ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe gbọ́ "làpálàpá", ó ti tó. Wọ́n ra hóró oògùn làpálàpá ní kẹ́míìsì, wọ́n gbé e wá.

"Ìyàwó wa, àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Má sọ fún dókítà o."

Ìyá mi kúnlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fọwọ́ méjèèjì gbà á. Ìyàwó ilé wo ló máa kọ oògùn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀? Láràárọ̀ ni ìyá mi ń lọ̀ ọ́ sínú ẹ̀kọ mímu tí àwọn ará ilé ń gbé wá, tí wọ́n á sì mu ún kí abẹ́rẹ́ tó dé. Èmi wà lọ́nà Ìbàdàn, mi ò mọ nǹkan kan.

Ìgbà tí ara wọn burú tán ni nọ́ọ̀sì rí páálí oògùn náà lábẹ́ pílò. Dókítà ṣàlàyé fún mi. Ó ní nǹkan kan wà lára àrùn náà tí abẹ́rẹ́ máa ń rá mú kó tó lè dá a lu. Oògùn làpálàpá kì í jẹ́ kí àrùn náà ní nǹkan ọ̀hún mọ́. Abẹ́rẹ́ á wá wọlé, kò ní rí ibi dì mú.

"Ṣé òun ló fà á?" ni mo bi í.

Ó ní òun ò lè búra, pé àwọn dókítà ṣì ń jiyàn lé e lórí. Ìyá mi kú lọ́sẹ̀ yẹn. Ó dùn mí, ó sì ń bí mi nínú dòní, pé bóyá lásán ni wọ́n gbọ̀n gbogbo gbígbọ̀n yẹn.

Níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ, àlùfáà ṣe àdúrà gígùn fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ó ní wọn ò fi opó àbúrò wọn sílẹ̀ fún dókítà nìkan. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń mi orí, omi ń bọ́ lójú wọn. Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi ò ṣe é.