Oríkì Mi Tí Ìyá Àgbà Fi Kí Ọmọ Aládùúgbò

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Ìgbà tí mo kéré ní Festac ti jìnnà sí mi ju bí ọjọ́ orí mi ti fi hàn lọ. Nígbà náà, ohun kan ni mo ní tí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi pín: oríkì mi. Láràárọ̀, bí mo bá ti kúnlẹ̀ kí ìyá tó bí bàbá mi, wọn á gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, wọn á sì máa kì mí láti orí àwọn baba ńlá wa títí orí mi yóò fi wú.

Àwọn Ìgbò ló ń gbé fúláàtì tó kọjú sí tiwa. Ìyá ilé náà ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Trade Fair. Wọ́n máa ń tètè jáde, nítorí náà wọ́n ń fi ọmọbìnrin wọn, ẹgbẹ́ mi, sílẹ̀ lọ́dọ̀ wa kí a lè jọ lọ sílé ẹ̀kọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọ yìí wò mí, òun náà sì kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi. Ìyá àgbà kò ṣe méní méjì. Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò lẹ́yìn mi, wọ́n gbé e lé e lẹ́yìn, wọ́n sọ ọ́ ní Àṣàkẹ́, wọ́n sì ń fi oríkì ilé wa kì í.

"Ìyá àgbà, kì í ṣe ọmọ ilé wa," ni mo wí. "Ìgbò ni wọ́n."

"Ṣé kí n kọ́kọ́ bi ẹni tó kúnlẹ̀ kí mi ní ìlú rẹ̀ ni, kí n tó dá a lóhùn?"

"Àmọ́ oríkì àwọn baba wa nìyẹn."

"Àwọn baba tí mò ń kì ti kú tipẹ́, wọn ò tíì wá bá mi jà lójú àlá. Ìwọ tó wà láàyè ló ń ṣahun."

Ọmọ náà kò tilẹ̀ dìde. "Ẹ tún mi kì, Ìyá àgbà," ló wí. "Ó dùn."

Láti ọjọ́ náà, mo ń kí wọn lórí ìdúró. Ìyá àgbà á dáhùn ní ṣókí, Àṣàkẹ́ á sì gba gbogbo oríkì. Nígbà tí mo rí i pé èmi nìkan ni ìbínú mi ń pa lára, mo lọ dúró de ìyá rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn ní ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n ti dé ni mo kúnlẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, mà. Orúkọ tí ẹ fi ń kẹ́ Àṣàkẹ́, èmi náà fẹ́ ẹ."

"Ta ló rán ẹ, ọmọ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, mà. Wọ́n ti fún un ní tèmi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó lórí ẹrù wọn. Wọ́n fà mí mọ́ra, wọ́n sì pè mí ní "Nne", ìyẹn "ìyá" ní èdè Ìgbò, bí wọ́n ti ń pe ọmọ wọn. Kíá ni Àṣàkẹ́ jáde láti inú ilé, ó sì há ara rẹ̀ sí àárín wa.

"Màmá, èmi ni Nne o. Eléyìí ní ìyá tiẹ̀."

Ojú rẹ̀ pọ́n. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi tó balẹ̀: òun náà ti mọ bí ó ti ń rí.

Ní kíláàsì wa báyìí, wọ́n ń kọ́ wa pé ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo ènìyàn. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ìwé tó sọ pé ọmọ ìyá a máa jowú ara wọn. Ayé ti yí padà. Fúláàtì kọ̀ọ̀kan ti ní ilẹ̀kùn onírin tiẹ̀, bí ìbò bá sì súnmọ́, àwọn àgbà ń bi aládùúgbò léèrè ìlú tó ti wá. Àwọn ọmọ tó wà níbẹ̀ báyìí kì í jà bí èmi àti Àṣàkẹ́ ti ń jà. Wọn á kí ara wọn lórí àtẹ̀gùn, oníkálukú á sì wọlé rẹ̀. Kò sí èyí tó mọ orúkọ tí wọ́n fi ń kẹ́ ẹnì kejì nílé, débi tí yóò fi jowú rẹ̀.