Mátíròn Matilda àti Abẹ́rẹ́ Oorun Alhaji

Mi ò fẹ́ràn Mátíròn Matilda, mi ò sì ní tìtorí ìtàn yìí fẹ́ràn rẹ̀. Ó fi ogún ọdún jù mí lọ, wọ́n sì kọ́ mi nílé pé ká bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n ẹnu obìnrin náà ti ba ọ̀wọ̀ jẹ́ láàárín àwa méjèèjì. Ọdún mẹ́ta ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì lábẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ìgàndó, ní wọ́ọ̀dù oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́rin tí à ń kó àwọn tí àìsàn wọn le koko sí. Bí a bá kí i láàárọ̀, á ní, "Ṣé ìkíni ló máa wo bẹ́ẹ̀dì kẹta sàn?" Ó lé ìyá kan tó gbé oúnjẹ wá láti Ìjẹ̀gùn síta pẹ̀lú fúláàsì lọ́wọ́, nítorí pé ẹrẹ̀ wà ní bàtà ìyá náà.

Lọ́dún 2011, wọ́n gbé Alhaji Múdàṣírù wá. Pákó ló ń tà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó sanra, ọrùn rẹ̀ kúrú débi pé àgbọ̀n rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jókòó lé àyà. Ọ̀kadà ló gbá a, egungun ìhà mẹ́ta ló kán. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ìrora kò jẹ́ kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ mọ́. Ó ń já ọ́síjìn kúrò nímú, ó ń lu bẹ́ẹ̀dì, ó ń ṣépè fún ọlọ́kadà. Dókítà Adéolú kọ abẹ́rẹ́ oorun fún un, míligíráàmù márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì bá tirẹ̀ lọ sí tíátà iṣẹ́ abẹ. Mo fa oògùn náà sínú síríǹjì. Mo ti di ọwọ́ Alhaji mú nígbà tí Matilda gbá mi lọ́wọ́ pàá, bí ẹni gbá ọmọ tó ń jí ẹran nínú ìkòkò.

"Ta ló bèèrè bó ṣe ń sùn nílé?"

Gbogbo wa la kọ́ ọ níléèwé. Ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ máa ń dí lójú oorun, tí èémí rẹ̀ ń dá kó tó tún bẹ̀rẹ̀, ara rẹ̀ ló ń ta jí tó fi ń mí padà. Bí a bá fi oògùn kun oorun rẹ̀, ara ò ní lè ta jí mọ́, ó sì lè gba ibẹ̀ lọ. Ìhanrun la fi ń fura sí wọn. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò kàn bèèrè ni.

Àwọn ìyàwó Alhaji méjèèjì jókòó nínú wọ́ọ̀dù, lẹ́bàá ilẹ̀kùn: Ìyá Jibril tí í ṣe ìyálé, àti Hamdalah, ìyàwó kékeré. Matilda kò kí wọn.

"Ọkọ yín máa ń hanrun?"

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ìyá Jibril ló dáhùn. "Ọkọ mi kì í hanrun o. Ẹ fún wọn lábẹ́rẹ́ jàre, kí wọ́n sinmi. Àbí ẹ fẹ́ kí ìrora pa wọ́n ni?"

Lójú tèmi, ó parí. Nílé olórogún, bí ìyálé bá ti sọ̀rọ̀ níwájú àlejò, ìyàwó tó bá já a nírọ́ á gbọ́ tiẹ̀ bó bá délé. Hamdalah ń wo ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Matilda ti mú fọ́ọ̀mù tí èmi fúnra mi kọ: Ẹ̀gbẹ́dá ni ilé Alhaji, Àgbàdo ni ilé ìyálé.

"Ìgbà wo lẹ sùn sí yàrá rẹ̀ kẹ́yìn?"

Ìyá Jibril dìde fùú. "Ìwọ obìnrin yìí, ojú ò tì ẹ́! Èmi lo ń bi léèrè yàrá ọkọ mi?"

"Ẹ̀yin ni kójú tì. Ẹ ò mọ bó ṣe ń sùn, ẹ wá ń jẹ́rìí oorun. Ẹ jáde!"

Ó fi ọwọ́ ti ìyá náà léjìká jáde sí kọ́rídọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé. Mo ní lọ́kàn mi pé, Ọlọ́run á mú ọ lọ́jọ́ kan.

Hamdalah ò gbójú kúrò lára ilẹ̀kùn. "Wọ́n máa ń hanrun, Mà. Tí wọ́n bá ṣàdédé dákẹ́, mo máa ń ka ení, èjì. Tí mo bá kà dé mẹ́wàá tí wọn ò tíì mí, mo máa ń fẹsẹ̀ ta wọ́n. Ọdún mẹ́fà rèé. Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá wa ò gbọdọ̀ gbọ́ o."

Matilda pe Dókítà lórí fóònù ní tíátà, ó bá a jà títí Dókítà fi gbà kí a dín oògùn náà kù sí míligíráàmù kan péré. Ó gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, ó fún Alhaji ní abẹ́rẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Alhaji sùn. Ó hanrun. Lẹ́yìn náà, ó dákẹ́. Àyà rẹ̀ ń gbókè gbódò ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ò wọlé, nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ tó ń ka ọ́síjìn ara rẹ̀ ń já wálẹ̀: márùn-úndínlọ́gọ́rùn-ún, ọgọ́rin, ó tún rẹlẹ̀ sí i. Matilda fi ọwọ́ méjèèjì gbé àgbọ̀n rẹ̀ síwájú, èémí sì já wọlé hòó. Wákàtí méjì ó lé ló fi dúró bẹ́ẹ̀ láìjókòó, tó ń gbé e, tó sì ń bú mi. Míligíráàmù kan péré ló ṣe bẹ́ẹ̀. Márùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi.

Alhaji fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Nítorí pé kò kú, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ikú yẹ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé wọ́n ti ìyálé síta. Ìyá Jibril fẹjọ́ sùn, oníléèwòsàn sì pè mí wá jẹ́rìí.

"Ṣé Matilda tì í?"

"Ó tì í, sà."

"Ṣé ó bú u?"

"Ó bú u, sà."

"Kí ló fa irú ìwà bẹ́ẹ̀?"

Bí mo bá dáhùn ìyẹn, mo ní láti sọ ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, "Mi ò mọ̀, sà."

Lọ́sẹ̀ náà ni wọ́n ní kí Matilda máa lọ. Àwọn nọ́ọ̀sì ń wí pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, èmi náà ń mi orí. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọjá níwájú mi. Kò dágbére, kò bi mí ní ohun tí mo sọ. Ó kàn na ìka sí bẹ́ẹ̀dì kejì, níbi tí ọkùnrin kan tí wọ́n gbé wá láàárọ̀ wà.

"Ìyẹn náà. Bi ẹni tí wọ́n jọ ń sùn."

Mo jáde lọ bi ìyàwó ọkùnrin náà. Ó bú mi.