Ìpara Faransé, Ìpara Jámánì àti Apá Títí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà lórí ìlà ní kẹ́míìsì kan nígbà tí ọ̀dọ́mọbìnrin tó wà níwájú mi ṣí ìdérí ìpara kan, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì nà án sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òórùn òdòdó róòsì ni. Àwọn ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ àyà tèmi já. Pẹ̀lú gbogbo ewú orí mi yìí, òórùn yẹn ṣì lè dá mi padà sí Pendleton ní ìlú Salford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí n di ọmọ ọdún mẹ́wàá, kí ẹ̀rù sì máa bà mí.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tó ń to ìpara jọ bí ẹni to ìwé, ẹ jókòó kí n sọ tiwa fún yín. Láàárín àwọn ọdún 1980 ni. Àjà kẹsàn-án ilé gogoro kan là ń gbé. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, fèrèsé á máa súfèé bí ẹni tó ń pe ajá. Bàbá mi ń kàwé ní yunifásítì ní Salford. Màmá mi ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Cheetham Hill, ní Manchester tó wà nítòsí wa, tí wọ́n ti ń ṣe ìpara. Wọ́n á yọ́ òróró àti ìda pọ̀ nínú agbada irin ńlá, wọ́n á máa pò ó mọ́ omi títí yóò fi funfun, wọ́n á ta òórùn róòsì sí i, ẹ̀rọ á sì máa dà á sínú ike. Màmá mi ló ń dé ìdérí. Tó bá wọlé nírọ̀lẹ́, ìka rẹ̀ á ti le gbagidi, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ á máa ta sánsán. Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n máa ń jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ mú àwọn ike tí lébẹ́ẹ̀lì wọn wọ́ lọ sílé. Bẹ́ẹ̀ ni ilé wa ṣe kún fún ike wíwọ́. A tilẹ̀ fi ọ̀kan sí ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn kíṣìnì kó má baà pa dé.

Títí àbúrò mi nìkan ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ẹ́síìmà, àrùn awọ tó máa ń gbẹ tó sì máa ń yún ni, sì wà lára rẹ̀. Bí òtútù bá ti dé, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ á sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Á máa họ ara lójú oorun títí ẹ̀jẹ̀ á fi kan bẹ́ẹ̀dì, débi pé ìbọ̀sẹ̀ bàbá mi ni màmá fi ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Oògùn tí dókítà fún un á ṣiṣẹ́ díẹ̀, ara náà á tún yarí.

Àwọn ojúlùmọ̀ méjì ló gbé ọ̀rọ̀ náà kanrí. Bọ̀dá Délé, àbúrò ọ̀rẹ́ bàbá mi, ti kọ́ nípa oògùn pípò ní Jámánì kó tó wá kàwé sí i ní Manchester; Àǹtí Rẹ̀mí, tó ń gbé ní àjà kẹrin, ní ẹ̀gbọ́n kan ní Paris. Bọ̀dá Délé gbé ìpara Jámánì wá nínú ọ̀pá irin rírọ̀ tí à ń fún kí ìpara tó jáde. Ó ki bí òrí, kò ní òórùn kankan, ó sì ń lẹ̀ mọ́ aṣọ. Ti Faransé tí Àǹtí Rẹ̀mí gbé wá fẹ́lẹ́ bíi wàrà, agolo omi kan tí wọ́n ń fín sójú sì bá a wá.

“Kí ni èèyàn fẹ́ fi omi inú agolo ṣe?” ni Bọ̀dá Délé máa ń wí. “Ará Jámánì kì í fi awọ ara ṣeré.”

“Ìwọ lọ fi tìrẹ kun ilẹ̀kùn tó ń han,” ni Àǹtí Rẹ̀mí á fi dá a lóhùn. “Awọ ọmọ nìyí, kì í ṣe irin.”

Lọ́jọ́ kan, màmá mi bèèrè bóyá ti ilé-iṣẹ́ àwọn náà lè dára bí wọ́n bá yọ òórùn inú rẹ̀. Bọ̀dá Délé rẹ́rìn-ín. “Ti Cheetham Hill kẹ̀, ẹ̀gbọ́n?” Màmá wo ìka ọwọ́ rẹ̀.

Màmá náà ló dá ẹjọ́ àwọn méjèèjì. Ó ń fi ti Faransé pa apá òsì Títí, ti Jámánì pa apá ọ̀tún, láràárọ̀. Ti Faransé tètè ń wọra, Títí sì fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ tó bá máa fi di ọ̀sán, apá òsì á ti gbẹ. Ti Jámánì ń pẹ́ lára. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, apá ọ̀tún ti ń jinná, Bọ̀dá Délé sì ti ń rìn bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ.

Nígbà náà ni lẹ́tà dé. Tíṣà Títí ti rí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, ó sì bi í léèrè bóyá ẹnì kan ló fi nǹkan gbígbóná jó o. Social worker kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé, máa wá rí wa lọ́jọ́ Tuesday. Bàbá mi ka lẹ́tà náà, ó kà á padà. Mo gbọ́ tí màmá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní kíṣìnì pé, “Wọ́n ń gba ọmọ lọ́wọ́ èèyàn níbí o.”

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí a dé láti school, mo fa Títí wọ ilé ìwẹ̀. Èrò mi ni pé bí ara rẹ̀ bá ń dán, tó sì ń ta sánsán, kò sẹ́ni tó máa gbà á lọ. Mo bu róòsì inú ike wíwọ́ náà, mo fi pa apá ọ̀tún rẹ̀ tó ti ń jinná, mo pa á, mo tún un pa.

Láàárọ̀ Saturday, apá náà ti wú, ó pọ́n bíi tòmátì. Títí ń ké. Bọ̀dá Délé wọlé ní wákàtí yẹn gan-an, bó ṣe máa ń wá, bàbá mi sì dìde sí i.

“Délé, wo ohun tí ìpara rẹ fi ọmọ mi ṣe! Kí ni mo fẹ́ wí fún wọn lọ́jọ́ Tuesday?”

Bọ̀dá Délé wo apá náà. “Ẹ máà bínú, sà,” ló wí, ó sì jáde. Mo dúró sí ẹ̀yìn àga, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi, n kò sọ ọ́.

Màmá kó wa lọ sí kẹ́míìsì kan láàárín ọjà ńlá ní Pendleton. Obìnrin àgbà kan ló ń po oògùn níbẹ̀. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pá irin náà, ó gbé apá Títí sókè, ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ó ní ìpara Jámánì yìí kì í ta sánsán báyìí. Kí ni wọ́n tún fi pa á?

“Kò sí nǹkan míì,” ni màmá wí.

“Èmi ni, Màmá,” ni mo fẹnu mi sọ. “Mo fẹ́ kó dára. Mo fẹ́ kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún wa.”

Màmá kò nà mí. Ó jókòó sórí àga, ó sì fà mí mọ́ra. Obìnrin náà ní òórùn ni awọ Títí kò fẹ́. Ó gbé ike ńlá kan kalẹ̀, ìpara funfun tí kò ní òórùn, tí kò lẹ́wà. Màmá bi í bóyá láti Jámánì ni tàbí Faransé. Ó ní rárá, bọ́ọ̀sì lè gbé èèyàn dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ìgbà náà ni màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ yẹn.

Nígbà tí social worker dé, màmá to gbogbo ìpara náà síwájú rẹ̀, ó mú ìwé tí obìnrin kẹ́míìsì kọ fún un lé e lọ́wọ́. Social worker náà bi Títí léèrè ẹni tó ń fi ìpara pa á lára. “Màmá,” ni Títí wí. “Ẹ̀gbọ́n mi náà, àmọ́ tiẹ̀ máa ń pọ̀ jù.” Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sílẹ̀, ó lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni a fi ń sáré sẹ́nu ọ̀nà nígbàkígbà tí ìwé bá já bọ́ láti ihò ara ilẹ̀kùn kí lẹ́tà tó dé pé ọ̀rọ̀ ti parí. Bàbá mi kà á ní ìdúró, lẹ́yìn náà ó wọ yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé Saturday yẹn ló ti lọ bẹ Bọ̀dá Délé, ó ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Bọ̀dá Délé ní kò burú. Ó ṣì ń yà sọ́dọ̀ wa, àmọ́ kò gbé nǹkan kan wá fún Títí mọ́, kò sì bá Àǹtí Rẹ̀mí jiyàn mọ́. Ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, ó padà sílé. Bàbá ti bẹ̀ ẹ́, mo sì fi èyí tu ara mi nínú pé ó ti bá mi sọ ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ.

Ní bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló tún gba Manchester kọjá, orí rẹ̀ ti ń pá. Títí ti ga jù mí lọ. Mo kúnlẹ̀, mo sì fi ẹnu ara mi sọ fún un pé èmi ni, pé ìpara tirẹ̀ ti ń wo apá náà sàn kí n tó fọwọ́ bà á.

“Mo rò pé bàbá yín kàn ń tù mí nínú ni,” ló wí. “N kò tí ì júwe ìpara fún ọmọ ẹnikẹ́ni láti ọjọ́ náà.”

Lónìí, ti Faransé àti ti Jámánì kún gbogbo kẹ́míìsì, ẹ kò ní láti ní ẹ̀gbọ́n ní Paris mọ́. Ilé-iṣẹ́ tó wà ní Cheetham Hill ti di ibi tí wọ́n ń ta kápẹ́ẹ̀tì. Òtútù ṣì ń sán ìgbọ̀nwọ́ Títí, ó sì ṣì ń fi ìpara tí kò lẹ́wà yẹn pa á. Ẹ̀rù pé nǹkan lè ṣe ọmọ ẹni náà kò yí padà. Bó ti ń ba àwọn òbí wa náà ló ń bà yín, ó sì lè mú ọwọ́ ẹni tó fẹ́ràn ọmọ ṣìṣe. N kò dá ara mi lẹ́bi nítorí ike róòsì náà mọ́. Ọdún mẹ́wàá tí mo fi dákẹ́ ni kò tíì tán lára mi, tí ọkùnrin kan fi ń rò pé òun ló jó apá ọmọdé.