Afinimọ̀nà Tí Kì Í Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí erékùṣù tó wà níwájú òtẹ́ẹ̀lì etí òkun ṣe rí, àbúrò ìyá mi ni kí ẹ bi. Á sọ ibi tí iyanrìn ti funfun jù fún yín, á sọ ibi tí omi ti mọ́ débi tí ẹ ti lè ka ìka ẹsẹ̀ yín nínú rẹ̀, á sì sọ ìhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá ní ọ̀sán. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jókòó nídìí tábìlì kan lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì náà, tó ń júwe àwọn ibi ìgbafẹ́ fún àlejò, tó sì ń kọ orúkọ àwọn tó bá fẹ́ lọ sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́ ní Afinimọ̀nà. Ohun kan ṣoṣo ló kù díẹ̀ káàtó nínú oyè yìí. Àǹtí mi ò dé erékùṣù náà rí.

Kí n má parọ́ mọ́ ọn o. Ibi tí ẹsẹ̀ bá lè gbéèyàn dé, ó ti débẹ̀. Ó ti gun ilé gogoro tó ń tanná fún àwọn ọkọ̀ ojú omi, ó sì mọ àtẹ̀gùn tó ń dún nínú rẹ̀ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ó ti lọ síbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí àpáta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yìn igi lókèèrè ló dúró sí tó ń kan sáárá sí i. Omi ni wàhálà rẹ̀. Omi tó bá ti ga ju orúnkún lọ, ọ̀tá ni. Wọ́n ní ìbẹ̀rù ejò kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò mọ́lẹ̀; nítorí òkun, àǹtí mi kì í tẹ omi òjò tó dúró lójú títì. Bí ìyá mi bá fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, omi tí mo máa mu ò ní ṣàn kọjá mi. Èyí tí wọ́n ní kí n gùn, kó máa ṣàn lọ ní tiẹ̀."

Báwo ló ṣe wá ń júwe erékùṣù? Ìwé aláwòrán kan wà lórí tábìlì rẹ̀ tí oòrùn ti pa láwọ̀. Ibẹ̀ ló ti mọ̀ pé iyanrìn wà, igi fúrúùtù ńlá kan sì wà. Ó yẹ kó bi atukọ̀ tó ń kó àwọn àlejò lọ léèrè ìyókù, ṣùgbọ́n atukọ̀ ọ̀hún kì í sọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo òtẹ́ẹ̀lì ń pè é. Ní aago méje ààbọ̀ àárọ̀, á dé ìdí tábìlì, á ṣí fìlà, á ní, "Ẹ kú àárọ̀ o. Èèyàn mélòó ni?" Àǹtí mi á ní méje, tàbí mọ́kànlá. Á gba ìwé orúkọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ọjọ́ kejì. Gbogbo ohun tí àwọn méjèèjì ti bára wọn sọ láti ọdún mọ́kàndínlógún nìyẹn.

"Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́," àǹtí mi máa ń sọ nílé. "Ọkùnrin yẹn, bí iná bá ran fìlà ẹ̀, á kọ́kọ́ bi iná pé èèyàn mélòó ni."

Nítorí náà, ohun tí kò sí nínú ìwé, àǹtí mi fi ẹnu ara rẹ̀ dá a. Kì í ṣe òpùrọ́. Àìsàn tó ń ṣe é ni pé kò lè sọ fún àlejò pé òun ò mọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, ìyá arúgbó kan tó ń tiro bi í bóyá ibi ìjókòó wà lọ́hùn-ún. Àǹtí mi wo ojú màmá, ó wo ọ̀pá ọwọ́ wọn, ó ní, "Ó wà, mà. Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi fúrúùtù, ó kọjú sí òkun." Inú màmá dùn, wọ́n sì lọ. Láti ọjọ́ yẹn, bẹ́ǹṣì ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tó ṣe, ọmọdé kan ń sunkún pé òun ò lọ, àǹtí mi sì ṣèlérí ẹyẹ fún un, ẹyẹ funfun tó máa ń wá kí àlejò ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ẹyẹ tó mọ aago wò! Ó tún rí obìnrin kan tó ń bẹ̀rù kó má ṣìnà, ó ní kó fọkàn balẹ̀, pé wọ́n ti fi ìkarahun to ọ̀tún àtòsì ojú ọ̀nà láti etí omi títí dé ìdí igi.

Ìrọ̀lẹ́ ni ọkọ̀ máa ń dé, nígbà tí àǹtí mi á ti wálé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àlejò tó bá rí lọ́jọ́ kejì ló máa ń sọ fún un pé, "Ó rí gẹ́lẹ́ bí ẹ ṣe wí." Á rẹ́rìn-ín músẹ́, á wá wálé wá ròyìn fún wa pé àwọn àlejò wọ̀nyí lẹ́kọ̀ọ́ ilé, pé wọn ò fẹ́ dójú ti òun. Bí wọ́n bá na fóònù sí i pé kó wo àwòrán, á yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí òkun inú àwòrán lásán ti tó láti mú òòyì kọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń parọ́ fún àwọn èèyàn tó gbà pé àwọn náà ń parọ́ fún òun, ọ̀rọ̀ náà sì rọgbọ fún tọ̀tún tòsì.

Lóṣù tó kọjá ni ọ̀gá tuntun dé. Ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ni, ó ń yára rìn, ìwé kékeré kan kì í sì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tó ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ẹnì kan júwe odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí kò sí fún àlejò, àlejò yẹn sì kọ ọ́ sórí fóònù fún gbogbo ayé kà. Ọ̀gá ní irú ẹ̀ ò ní ṣẹlẹ̀ lójú òun mọ́. Ó jókòó ti àǹtí mi fún odindi ọjọ́ kan, ó ń gbọ́, ó ń kọ. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó ní:

"Mà, lọ́jọ́bọ̀, èmi pẹ̀lú yín la jọ ń lọ sí erékùṣù. Ohun mẹ́ta ni mo kọ síbí tí kò sí nínú ìwé àwòrán. Ẹ máa fi wọ́n hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ má bínú o, mà, àmọ́ ẹni tó bá ń júwe ohun tí kò sí, mi ò ní lè fi í sílẹ̀ nídìí tábìlì."

Tábìlì yẹn ni ayé àǹtí mi. Kò lọ́kọ, kò bímọ, ṣùgbọ́n àwọn èèyàn láti ilẹ̀ tí kò lè pe orúkọ rẹ̀ máa ń na ọwọ́ sí i láti kí i. Bí wọ́n bá gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mi ò mọ ohun tó kù tó máa jí fún láàárọ̀. Nígbà tó sọ ọ́ fún wa nílé, àánú rẹ̀ ṣe mí.

Ìyá mi ò tiẹ̀ ṣàánú rẹ̀. "Mo ti sọ fún ọ tipẹ́. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a."

"Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi ò tíì pé ogún," àǹtí mi ní, kò sì rẹ́rìn-ín. "Mọ́kàndínlógún ni."

Mo ní kó lọ jẹ́wọ́ fún ọ̀gá kó tó dọjọ́bọ̀. Ó wò mí títí omi fi lé sí i lójú. "Kí n sọ pé kí ni? Pé Afinimọ̀nà ò mọ̀nà?"

Ní ọ̀sán ọjọ́rú, mo bá a lẹ́yìnkùlé. Ó ti pọn omi kún ọpọ́n ìfọṣọ, ó dúró sínú rẹ̀, ó fọwọ́ méjèèjì di òpó tí a so okùn aṣọ mọ́, ó dijú. Ó ní òun ń fi ara òun mọ́ òkun. Èmi náà rò pé kí n ràn án lọ́wọ́, mo bá mi ọpọ́n náà díẹ̀ kó lè mọ bí ìgbì ṣe ń ṣe. Igbe tó ké kò kéré, ìgbájú tó fún mi lẹ́yìn rẹ̀ náà ò sì kéré.

Nígbà tó di ọjọ́bọ̀, ó bẹ̀ mí kí n ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi kí n tẹ̀ lé òun, kí ẹnì kan lè gbé òkú òun wálé. Àwa àti ọ̀gá bá Jẹ́jẹ́ níbi tó so ọkọ̀ mọ́. Ó rí àǹtí mi, ó dúró bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, ó wá ṣí fìlà.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Èèyàn mélòó ni?"

"Mẹ́ta," àǹtí mi fèsì. Ohùn náà ò ju ti ẹ̀fọn lọ.

Jẹ́jẹ́ na ọwọ́ sí i. Àǹtí mi di apá aṣọ rẹ̀ mú, kò sì jù ú sílẹ̀ títí a fi gúnlẹ̀. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà fi tukọ̀. Òkun ọjọ́ yẹn dákẹ́ rọ́rọ́, ọ̀gá ń ya àwòrán, èmi ń jẹ ìpápánu, àǹtí mi sì dijú pinpin, ó ń tọrọ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan ṣọ́ọ̀kì tó jí níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan iyanrìn, ó lajú. Kò tíì mí délẹ̀ tí ọ̀gá ti ṣí ìwé kékeré. "Ọ̀nà tí wọ́n fi ìkarahun tò, mà?"

Ìṣe ọdún mọ́kàndínlógún ló gbé ìka àǹtí mi sókè, ó sì nà án síbi tó kọ́kọ́ rí, bí ìgbà tó bá wà nídìí tábìlì. Gbogbo wa wo ibẹ̀. Ìkarahun ni, lọ́tùn-ún lósì, ó gba inú koríko lọ. Àwọn kan ti gbó, wọ́n ti rì sínú ilẹ̀. Àwọn kan ṣì ń dán.

"Ó dáa," ni ọ̀gá wí, ó fàlà sí ìwé.

A tẹ̀ lé ojú ọ̀nà náà títí a fi dé ìdí igi fúrúùtù. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀, ó kọjú sí òkun. Pákó ara ọkọ̀ ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀dà búlúù ṣì wà lára ẹsẹ̀ rẹ̀ kan, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti ń dán nítorí gbogbo ẹni tó ti fara tì í. Àǹtí mi jókòó gbì sórí rẹ̀. Ọ̀gá rò pé ó ń fi bí wọ́n ṣe ń jókòó hàn òun ni. Àwọn àgbà ní òtítọ́ á bá irọ́. Wọn ò sọ fún wa pé ó lè bá a tán kó wá bá a gbé pákó.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, mo rí Jẹ́jẹ́ tó gbé garawa kan, ó rọra gba ẹ̀yìn àpáta lọ. Ọ̀gá ò rí i, ojú ọ̀run ló ń wò. Ẹyẹ kan dé, ó di mẹ́fà, ó di bí ogójì, gbogbo wọn funfun báláú, wọ́n ń yí wa ká. Ọ̀gá pariwo bí ọmọdé, ó sọ ìwé kékeré sílẹ̀ lórí iyanrìn. Nígbà tó mú un nílẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú àǹtí mi.

"Mà, ẹ má bínú sí mi. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Ó bọ́ bàtà, ó lọ fi ẹsẹ̀ wọ́ omi.

Àǹtí mi ò tiẹ̀ yọ̀. Ó dúró títí Jẹ́jẹ́ fi dé pẹ̀lú garawa òfìfo.

"Jẹ́jẹ́. Ta ló ṣe bẹ́ǹṣì yìí?"

Ọkùnrin náà họ orí. "Màmá kan tó ń tiro ló bi mí pé bẹ́ǹṣì dà, pé ẹ̀yin lẹ ní ó wà. Mo bá da garawa ẹja dojú dé, mo ní kí wọ́n jókòó. Lọ́jọ́ kejì mo gbé pákó wá."

"Ìkarahun ńkọ́?"

"Ẹ ní ó wà náà ni."

"Àwọn ẹyẹ?"

"Háà. Àwọn yẹn ló ni mí lára jù. Oṣù mẹ́rin ni mo fi kọ́ wọn."

"Ọdún mọ́kàndínlógún! Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé irọ́ ni mò ń pa?"

Jẹ́jẹ́ wo inú garawa, kò sí nǹkan níbẹ̀. "Bí mo bá sọ, ẹ ò ní sọ òmíràn mọ́. Bí ọkọ̀ bá ti gbéra láàárọ̀, mo máa ń bi àwọn àlejò pé kí lẹ tún wí. Òun ni mo fi ń gbádùn iṣẹ́ mi."

Àǹtí mi sunkún, kò sì fi pamọ́. Mo jowú díẹ̀, kí n sọ òótọ́. Mo ti rò pé kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ tó mi láyé yìí, èmi tí mo mi ọpọ́n.

Jẹ́jẹ́ jókòó sí ìkángun kejì bẹ́ǹṣì náà, ó fi fìlà sórí itan.

"Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní," ó ní.

"Kí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún wọn láé pé òkè wà níbí. Orúnkún mi ò gbé e mọ́."