Apá Gígùn Bàbá Téèpù

Ọjọ́ tí Bàbá Téèpù fa téèpù ìránṣọ yọ lọ́rùn, tó fi ń wọn apá ẹ̀rọ àwo orin mẹ́ta lórí káńtà ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tà wọ́n, ni gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ọ̀ràn náà ti kúrò ní eré. Télọ̀ ni. Apá tí à ń wí yìí ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀, tó ń rìn lórí àwo kí orin tó jáde. Ọ̀kan gùn ní íǹṣì mẹ́sàn-án, èkejì mẹ́wàá, ẹ̀kẹta méjìlá. Owó ẹ̀kẹta yìí tó ra máṣíìnì ìránṣọ méjì.

"Íǹṣì mẹ́ta péré ló fi ju àkọ́kọ́ lọ!" Bàbá gbaná jẹ. "Ṣé aṣọ ni, tí o fi ń ta irin lọ́pàá-lọ́pàá?"

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀," oníṣọ́ọ̀bù bẹ̀ ẹ́. "Bí apá bá kúrú, abẹ́rẹ́ ò ní jókòó dáadáa mọ́ bó bá ti ń sún mọ́ àárín àwo. Orin ìparí á wá máa há. Èyí tó gùn ló ń rìn tààrà."

"Ta ló sọ fún ọ pé orin ìparí ni mo fẹ́ gbọ́?"

Kò sẹ́ni tí ò mọ̀. Ìyàwó bàbá tó ti ṣaláìsí bá ẹgbẹ́ akọrin rẹ̀ ṣe àwo kan ṣoṣo láyé rẹ̀, orin tí òun nìkan dá kọ ló sì kẹ́yìn, létí bébà àárín gan-an. Ẹ̀dà mìíràn ò sí. Apá àtijọ́ tó wà nílé kúrú, ó tún wúwo. Bó bá ti débẹ̀, ohùn obìnrin náà a há, abẹ́rẹ́ a sì tún jẹ àwo náà díẹ̀ sí i. Àwọn kan ní orí bàbá ti dà rú. Irọ́ burúkú! Irin ló ń bí i nínú, ta ló sì lè bá irin jà?

Ìgbà mẹ́rin ló fìbínú jáde ní ṣọ́ọ̀bù náà, ìgbà mẹ́rin ló padà. Ó gbọ́ mẹ́sàn-án, ó bú u. Ó gbọ́ mẹ́wàá, ó bú òun náà. Ó gbọ́ méjìlá, ó dákẹ́, ìdákẹ́ náà tún bí i nínú. "Dì í fún mi!" ló pariwo, bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí fi ń kígbe mọ́ gbogbo èèyàn pé à ń wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mejì ká tó gé e. Ó wọn apá, ó wọn abẹ́rẹ́, díẹ̀ ló kù kó wọn imú oníṣọ́ọ̀bù. Kò wọn àpótí ẹ̀rọ tó wà nílé. Nígbà tó gbé apá gígùn náà sí i, abẹ́rẹ́ kọjá àárín àwo, ó lọ bọ́ sí òdìkejì.

"Wọ́n ti rẹ́ mi jẹ!"

"Bàbá," ọmọ rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì, bi í, "ṣé ẹ wọn àpótí yìí kẹ́ ẹ tó lọ?"

"Kúrò níwájú mi!"

Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bàbá tú máṣíìnì ìránṣọ kúrò lórí tábìlì rẹ̀, ó gé tábìlì náà, ó to ẹ̀rọ orin àti apá gígùn sórí rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, orí àpótí ọṣẹ ló ti ń ránṣọ, orúnkún rẹ̀ ń kan àgbọ̀n. Ẹni tó bá fi í rẹ́rìn-ín, ṣòkòtò rẹ̀ á fún ní ìdí. Bó bá sì ku díẹ̀ kí àwo náà parí, bàbá a lé gbogbo èèyàn síta, a tilẹ̀kùn.

Ó kú lóṣù tó kọjá. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọmọ rẹ̀ gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ. Oníṣọ́ọ̀bù náà wà níbẹ̀. Orin ìparí dé, ohùn ìyá náà jáde, ó mọ́ kedere. Bó ti ń parí lọ, ẹnìkan wúkọ́ nínú àwo, ni ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá bú jáde: "Ta ló ń wúkọ́ níbẹ̀? Ẹ dákẹ́, ìyàwó mi ń kọrin!"

"Bàbá nìyẹn!" oníṣọ́ọ̀bù ké. "Bí wọ́n ṣe máa ń pariwo mọ́ mi gẹ́lẹ́ nìyẹn!"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Ọmọ rẹ̀ nu ojú, ó rọra gbé apá gígùn náà padà sẹ́yìn díẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká tún gbọ́ wọn," ó ní. "Kí wọ́n tún bínú sí wa lẹ́ẹ̀kan sí i."