Tábìlì Ìyá Mi Tó Di Gìtá

Gìtá oníná ni mo ń ṣe jẹun ní àdúgbò Sakasaka ní Tamale, ọwọ́ ni mo fi ń gbẹ́ ẹ. Títí ìyá mi fi kú, kò gbà pé iṣẹ́ ni. Aránṣọ ni òun ní àdúgbò Lamashegu, ohun tó sì fẹ́ ni kí n máa kan bẹ́ẹ̀dì àti ìlẹ̀kùn bíi káfíńtà tí orí rẹ̀ pé. Bí àlejò bá bi í pé kí ni ọmọ rẹ̀ ń ṣe, á ní, "Kai, ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ míì." Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi kì í bá wọn rín.

Igi tuntun kò ṣeé fọkàn tán ní Tamale. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ọrùn gìtá á wọ́, okùn rẹ̀ á sì máa kùn bí eṣinṣin. Nítorí náà, igi àtijọ́ ni mo máa ń wá. Nígbà tí ẹsẹ̀ tábìlì tí ìyá mi fi ń ránṣọ ṣẹ́, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi. Ọ̀gànwó gidi ni, ó jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

Ó ní, "To, máa gbé e lọ. Ṣùgbọ́n fi ṣe nǹkan tí mo lè nawọ́ sí pé ọmọ mi ló ṣe é o."

Oṣù mẹ́ta ni mo fi sọ ọ́ di gìtá. Alàgbà tó ń bójú tó akọrin ìjọ wa wá dán an wò, ó sì fẹ́ ẹ.

"Ó dùn o, àbúrò. Ṣùgbọ́n bí àwọn ará ìjọ bá mọ̀ pé Sakasaka níbí lo ti ṣe é, wọn ò ní kà á sí. Kọ orúkọ òyìnbó sí i lórí, kó o sì panu mọ́. Wallahi, fún ògo Ọlọ́run ni."

Alàgbà ìjọ ló ń wallahi yẹn o! Mo sì gbà fún un. Ṣebí gbogbo wa là ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbí: ìyá mi pàápàá ti lẹ àmì òkè òkun mọ́ ṣòkòtò tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán rí. Síbẹ̀, ìwà òmùgọ̀ ni mo hù, inú sì ń bí mi di òní.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ya gìtá náà sí mímọ́, alàgbà kéde pé òkè òkun ló ti wá. Ìjọ hó yèè. Ìyá mi jó dé iwájú, ó fọwọ́ kan igi tó fi ránṣọ bọ́ mi, ó ní kí Olúwa bù kún ọwọ́ tó ṣe é. Mo wo alàgbà. Bíbélì ló ń wò.

Bí a ṣe ń lọ sílé, ìyá mi ní, "Ṣé o rí iṣẹ́ bí iṣẹ́? Ìwọ wá ńkọ́, kí lo fi tábìlì mi ṣe?"

Mo ti ṣèlérí, ojú sì tì mí. Mo ní, "Ikán ti jẹ ẹ́, Màámi."

Ó ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé mi ò ní fi ṣe nǹkan gidi. Kò tún bi mí mọ́. Gìtá yẹn ni wọ́n fi kọrin níbi ìsìnkú rẹ̀.